Ta Ni Ó Ń Yí Díìṣì Wa?

Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Èmi, Olúwadámisí Akínyẹlé, akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìfẹ́sowápọ̀ nínú ilé alájà kan tó wà lẹ́yìn Siluko Road, ni mo fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ yìí. Mo fọwọ́ sí i ní orúkọ gbogbo wa tí a ń gbé ilé náà: àwọn tó ń tajà, àwọn tó ń kàwé, àti àwọn tí kò ní ẹnu láti sọ tiwọn. Kò sí ẹni tó rán mi. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe díìṣì íńtánẹ́ẹ̀tì tí a jọ dáwó rà kì í ṣe ojú lásán, mo sì fẹ́ kí ẹ̀rí wà nílẹ̀ kí n tó la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ náà kan Adéjọkẹ́ ju gbogbo wa lọ. Nọ́ọ̀sì ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Ní oṣù tó kọjá, ó jókòó ṣe ìdánwò tí yóò gbé e lọ síṣẹ́ ní ọsibítù kan lókè òkun. Inú yàrá rẹ̀ ló ti ṣe é, kámẹ́rà kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ ọ, àwọn alábòójútó sì ń wò ó láti ibi tí a kò mọ̀. Ó ti dé ìdajì kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já. Wọ́n ti ìdánwò náà pa mọ́ ọn lójú bí ẹni pé ó fẹ́ jí ìwé wò. Ó bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n fún un ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí i: òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Bí ó bá tún já, ó di ọdún tó ń bọ̀, ọsibítù náà kò sì ní dúró dè é.

Kò tíì sunkún lójú wa. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ìṣẹ́gun, 9

Kí n kọ bí wọ́n ṣe gbé díìṣì náà kalẹ̀ ní oṣù Keje, kí ìrántí má baà dàrú.

Láolú ló gbé e. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú Sapele Road. Lọ́kàn mi, Ọ̀gbẹ́ni Ojúọ̀run ni mo ń pè é — nítorí bó ṣe máa ń gbé àgbọ̀n sókè tó bá ń sọ̀rọ̀, àti nítorí dígí dúdú tí kì í kúrò lójú rẹ̀ kódà nínú ilé. Ó gun òkè ilé, ó na fóònù rẹ̀ sójú ọ̀run, ó sì ń yí po bí ẹni ń jó. Áàpù inú fóònù náà ń ya àwòrán ojú ọ̀run bó ṣe ń yí. Ibi tí nǹkan bá ti dí ọ̀run lójú, ibẹ̀ á pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi wa pọ́n. Apá ibi tí òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́ta ẹ̀yìn ilé wa wà pọ́n. Ó ní díìṣì yìí kò dà bíi ti tẹlifíṣọ̀n, tó máa ń tẹjú mọ́ ohun kan ṣoṣo tí kì í kúrò lójú kan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sátẹ́láìtì ló ń kọjá lórí eléyìí, tí ọ̀kan ń fi í lé òmíràn lọ́wọ́. Ojú ọ̀run gbalasa ló ń fẹ́. Bí ilé bá dí i níwájú, yóò máa já ní gbogbo ìgbà tí sátẹ́láìtì bá gba ẹ̀yìn ilé náà kọjá.

Ó ri páìpù irin mọ́ ògiri títí tó fi ga ju táǹkì lọ, ó kọ ẹ̀yìn díìṣì sí òtẹ́ẹ̀lì, ó sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán méjì inú áàpù, ti ibi tí díìṣì kọjú sí àti ti ibi tó yẹ kó kọjú sí, fi bo ara wọn. Ó fi bóòtù dè é. Lẹ́yìn náà ló ṣe àyẹ̀wò: ó kọ́kọ́ dúró ti rútà, ó wá ń wọ yàrá wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo bí ó ṣe ń yára sí. Ó ní kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí máàpù ojú ọ̀run lè pé. Ó pé. Kò pọ́n níbì kankan. Mo ya àwòrán rẹ̀ pa mọ́.

“Ẹ ti wọ ayé báyìí,” ni Ọ̀gbẹ́ni Ojúọ̀run wí. Màmá Comfort, tí wọ́n ń ta aṣọ ní Oba Market, ló dá a lóhùn: “Ayé tí mo ti wà láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́? Ṣé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo dúró sí?”

Ó dára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń já.

Ọjọ́bọ̀, 11

Ó tún já. Ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ilé pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ níbi tí bọ́ọ̀lù ti fẹ́ wọ àwọ̀n.

Àbámẹ́ta, 13

Mo rí i. Ojú mi ló ṣe.

Láolú ni, lórí òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ilé wa, ní àṣálẹ́, ní wákàtí náà gan-an tí tiwa máa ń já. Ó na fóònù sókè, ó ń yí po. Orin ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mutí. Ó rí mi lójú fèrèsé, ó sì juwọ́ sí mi. Kíá ló juwọ́. Ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn kì í yára juwọ́ báyẹn.

Kí n tò ó sójú kan. Òtẹ́ẹ̀lì náà kò ní wáìfáì tẹ́lẹ̀. Ó ti ní i báyìí, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn sì sọ fún mi pé ńṣe ló ń fò. Ìgbà tí tiwọn ń fò ni tiwa ń já. Kọ́kọ́rọ́ áàpù, ìyẹn ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wo ìlera díìṣì wa, ọwọ́ Láolú ló wà. Kò fún ẹnikẹ́ni nínú wa rí.

Àìkú, 14

Ìpàdé ẹgbẹ́ lẹ́yìn tí àwọn tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo sọ ohun tí mo rí.

Màmá Comfort sọ pé ọwọ́ tó ń bu ọbẹ̀ fún ilé méjì, ilé olówó ló ń rí ẹran. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọmọ wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní “Mummy, na true,” wọ́n sì ní kó fi Yorùbá sọ ọ́ tàbí kó panu mọ́. Ó panu mọ́.

Alága wa ni Bàbá Àkàndé, tí wọ́n ń ta táyà lójú Siluko Road. Wọ́n ti ń gbé ìlú yìí kí a tó bí mi. Ìyàwó wọn, tí mo ń pè ní Màmá Ìkìrun, ti padà sílé ní Ìkìrun láti ìgbà tí ara wọn kò ti yá. Bàbá Àkàndé mi orí, wọ́n ní: “Iṣẹ́ ọmọ yẹn kò dúró. Díìṣì tó yẹ kó dúró sójú kan, ojoojúmọ́ ló ń fẹ́ àmójútó.” Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà tó lágbára.

Mo kọ ọ́. Mo kọ pé Láolú ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa sí òtẹ́ẹ̀lì, pé kí ó wá dá a padà, kí ó sì kó kọ́kọ́rọ́ áàpù fún wa. Bàbá ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Dúdú táyà ọwọ́ wọn sì kan ìwé náà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Adéjọkẹ́ bi mí nígbà tí a ń wọlé: “Ṣé lẹ́tà yìí á jẹ́ kí ó dúró ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n?”

Ìṣẹ́gun, 16

Mo fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́ ní Sapele Road. Ó kà á lórí ìdúró. Ó yọ dígí — ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ojú rẹ̀ nìyẹn.

“Sísì Akọ̀wé, ẹ pè mí lólè ní Yorùbá tó dùn báyìí? Ẹ tiẹ̀ tún fi àmì ohùn sórí gbogbo rẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe omi kànga tí èèyàn ń bù láti ilé kan sí òmíràn. Òtẹ́ẹ̀lì ní díìṣì tirẹ̀, òun ló gbé e fún wọn, àyẹ̀wò rẹ̀ ni òun ń ṣe tí òun fi juwọ́ sí mi. Ó gba fóònù mi, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ áàpù sí i. Ó ní òun ò mọ̀ pé a fẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó béèrè.

Ó yá jù. Ẹni tó bá tètè fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lè ti kó ilé náà tán.

Ṣùgbọ́n máàpù ojú ọ̀run ti yí padà. Apá kan pọ́n bí ojú egbò. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán oṣù Keje. Ibi tí kò pọ́n tẹ́lẹ̀ ló ń pọ́n: apá òtẹ́ẹ̀lì. Díìṣì wa ti kọjú sí ògiri. “Ẹnìkan ti yí i,” ni Láolú wí. Mo bi í pé ta ni ó ní sípánà. Ó ní òun ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18

Ó wá. Ó tú bóòtù, ó yí díìṣì títí àwòrán méjì fi bo ara wọn, ó sì ṣe àyẹ̀wò yàrá dé yàrá. Yàrá Adéjọkẹ́ ló pẹ́ sí jù. Ó dúró ṣinṣin.

Mo rí i pé nọ́ọ̀tì kan ló wà níbi tí méjì yẹ kó wà. Mo bi í. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wá ní òun kò rí èkejì rà lọ́jọ́ tí òun gbé díìṣì náà, òun sì gbàgbé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní sípánà lè tú u bí ẹni ń ṣí ìgò. Mo kọ èyí sílẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú díẹ̀ — nítorí náà, kò mọ́ tán.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tí Adéjọkẹ́ fi ń kun èékánná fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara páìpù dé ara ìdè díìṣì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Adéjọkẹ́ rí kútẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ mi, ó ní ta ni ó fẹ́ wá mọ̀ mí nílé. Ó ti pẹ́ tó ti ṣàwàdà kẹ́yìn.

Ẹtì, 19

Ìlà náà kò pàdé mọ́.

Mo pe Láolú. Auchi ló wà láti àná. Ó yí kámẹ́rà po kí n lè rí ibẹ̀. Kì í ṣe òun.

Inú ilé ni ẹni tó ń yí i wà, nígbà náà. Ó wà lára àwọn tí mo ń fọwọ́ sí ìwé ní orúkọ wọn.

Àìkú, 21

Ọwọ́ ni mo ń wò ní ìpàdé, n kò wo ojú. Ọwọ́ Màmá Comfort, tó ń sá aṣọ sórí okùn tó wà nítòsí díìṣì. Ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsàlẹ̀. Ọwọ́ Adéjọkẹ́ pàápàá — kí Ọlọ́run dárí jì mí — mo bi ara mi bóyá ẹ̀rù ìdánwò lè mú kí èèyàn fúnra rẹ̀ já ohun tí yóò fi ṣe é.

Wọ́n bi mí bóyá Láolú ti fèsì lẹ́tà wa. Mo ní a ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá ní kí a fi ọmọ yẹn sílẹ̀ ná, kí a máa fọwọ́ ara wa tọ́jú nǹkan wa. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n.

Ìṣẹ́gun, 23

Mo mọ̀ ọ́n. Ì bá sàn kí n má mọ̀.

Mo jókòó sẹ́yìn táǹkì omi kí oòrùn tó wọ̀. Ẹsẹ̀ tó gun àtẹ̀gùn bọ̀ wúwo, ó ń sinmi, ó tún ń gùn. Bàbá Àkàndé ni. Sípánà wà lọ́wọ́ kan, fóònù wà lọ́wọ́ kejì. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì láìwò ó, bí ẹni tó ti ń tú táyà láti ogójì ọdún. Wọ́n yí díìṣì sí òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n wá gbé fóònù sójú.

“Títíloyè. Ṣé ò ń rí mi báyìí? … Ó tún ti lọ. Dúró.” Wọ́n yí i díẹ̀ sí i. “Ó ti dé! Má sọ̀rọ̀, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Jẹ́ kí n máa wò ọ́.”

Mo jáde síta. Kò bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n ní: “Akọ̀wé, wá kí Màmá rẹ.” Mo kúnlẹ̀ kí Màmá Ìkìrun, ojú kékeré inú fóònù náà. Àìsàn ẹ̀gbà ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Màmá. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu wọn ló rẹ́rìn-ín sí mi. Lẹ́yìn náà, àwòrán náà gan, ó sì já.

Mo béèrè ìdí tí Bàbá fi ń yí i. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé mo lè béèrè. Wọ́n nawọ́ sí orí òtẹ́ẹ̀lì: “Ìkìrun kọ́ nìyẹn?” Wọ́n ní nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, orí ọparun ni áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n àwọn wà. Bí wọ́n bá fẹ́ wo Ìbàdàn, Bàbá á jáde lọ yí ọparun sí Ìbàdàn. Bí wọ́n bá fẹ́ wo Àkúrẹ́, wọ́n á yí i sí Àkúrẹ́. Ìyàwó á yọrí lójú fèrèsé: “Ó ti dé! Ó tún ti lọ! Ẹ dá a padà díẹ̀!” Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń ṣe é. “Ta ni kò mọ̀ pé ibi tí o bá fẹ́ rí lo máa kọjú sí? Tí mo bá ṣe tán, mo máa ń dá a padà fún yín. N kì í ṣe ọ̀dájú.”

Wọ́n máa ń dá a padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í dá a padà síbi tó wà.

Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ni àwọn máa ń gòkè, àfi ọjọ́ kan tí ó jẹ́ òwúrọ̀: ọjọ́ tí wọ́n gbé Màmá dé láti ọsibítù. Ọjọ́ náà ni Màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn àìsàn. Mo béèrè ọjọ́ tí ó jẹ́. Wọ́n rántí rẹ̀ bí ẹni rántí ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ọjọ́ ìdánwò Adéjọkẹ́ ni.

N kò sọ ọ́. Mo bá wọn di nọ́ọ̀tì.

Ọjọ́rú, 24

Láolú ti dé láti Auchi. Ó tún kọjú díìṣì sí ojú ọ̀run gbalasa. Mo jókòó ti Bàbá ní yàrá wọn nísàlẹ̀, wọ́n sì pe Ìkìrun. Ojú Màmá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó mọ́ ju tàná lọ, kò sì já títí wọ́n fi dágbére. Bàbá fi etí aṣọ nu ojú fóònù. Inú mi dùn. Mo ní: “Ẹ rí i, sà, a kò yí i.”

Wọ́n mi orí fún mi, bí èèyàn ṣe ń mi orí fún ọmọ tó ṣì máa gbọ́n. “Ọ̀nà tí mo là lánàá ló ṣì ń gbà, ọmọ mi. Tó bá di ọ̀la, á dí.” Wọ́n ní ní Àbámẹ́ta yìí, Màmá yóò pé àádọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ yóò yí wọn ká ní òwúrọ̀, wọn yóò gbàdúrà, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò gbé fóònù sójú Màmá. “Lọ́jọ́ yẹn, n kò ní fi ṣeré. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo máa ti lọ kọjú rẹ̀ sí Ìkìrun.”

Òwúrọ̀ Àbámẹ́ta.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Láolú lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú nọ́ọ̀tì kejì jáde, ó fi hàn mí, ó sì dá a padà sápò. Ó ní òun nìkan ló ní sípánà tó lè tú irú rẹ̀; bí òun bá fi dè é, kò sí ẹni tó máa yí i mọ́. Ṣùgbọ́n iwájú gbogbo ilé la ti pe òun lólè, iwájú gbogbo ilé náà la ó ti kó ọ̀rọ̀ wa jẹ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀tì wà lápò.

Mo ní a ó dójú ti àgbàlagbà. Ó ní: “Ẹ kúkú sọ fún Bàbá pé ẹ ti yí i sí Ìkìrun, kó parí.” Mo ní n kò lè purọ́ fún wọn.

“Ṣùgbọ́n ẹ lè purọ́ mọ́ mi?”

Mo ní n kò purọ́, mo fura ni.

Ó ní: “Lẹ́tà yín kò sọ pé ẹ fura.”

Òótọ́ ni. Mo tún un kà nígbà tí mo wọlé. Kò sọ bẹ́ẹ̀ níbì kankan.

Ọjọ́bọ̀, 25

Adéjọkẹ́ ti fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì dí fèrèsé kí ìró orin òtẹ́ẹ̀lì má baà wọlé. Ó ní kí n bá òun gbàdúrà. Mo gbàdúrà pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀ lọ́kàn, kò sì rọrùn.

Mo ti pe gbogbo ilé sí ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Mo sì kọ lẹ́tà mìíràn. Kí n dà á kọ síbí kí n tó gbé e lọ.

*Bàbá wa, Bàbá Àkàndé. Èmi, Olúwadámisí Akínyẹlé, ni. N kò kọ akọ̀wé síwájú orúkọ mi lónìí. Mo ń kọ̀wé ní orúkọ Láolú, tí kò rán mi, àti Adéjọkẹ́, tí kò tíì mọ ohun tí mo mọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Mo bẹ̀ yín pé ní ìpàdé ọ̀la, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọwọ́ tó ń yí díìṣì, àti ìdí tó fi ń yí i. N kò ní dìde títí ẹ ó fi jókòó. Lẹ́yìn náà ni èmi yóò dìde, èmi yóò kó lẹ́tà mi jẹ níwájú gbogbo ilé, n ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Láolú, nítorí mo kọ ìfura bí ẹni pé ẹ̀rí ni. Mo ń béèrè pé kí Láolú fi nọ́ọ̀tì kejì dè é lójú yín. N kò lè gba gbogbo sípánà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta táyà; ọ̀rọ̀ yín nìkan ni mo fẹ́ gbà. Àti pé ní Àbámẹ́ta, láti ìgbà tí Adéjọkẹ́ bá ti ilẹ̀kùn títí yóò fi ṣí i, kí ẹnikẹ́ni má gun òkè. Èmi yóò jókòó tì yín. Màmá yóò rí yín, ẹ ó sì rí wọn. Bí ojú wọn bá já lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ yọ mí nípò akọ̀wé, n kò ní jiyàn.*

Mo kọ gbólóhùn kan sí i nípa òwúrọ̀ tí Màmá rẹ́rìn-ín, mo sì pa á rẹ́. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀bẹ̀ ni yóò jẹ́ tàbí ìhàlẹ̀. Ṣé ó yẹ kí ọkùnrin kan mọ̀ pé ìdùnnú òun ni ó já ìrètí ẹlòmíràn? Bóyá kò yẹ. Bóyá Adéjọkẹ́ nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti dáhùn, n kò sì tíì fún un láyè.

*Ìdáhùn yín gbọ́dọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọ̀la tó lù, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan, èmi yóò sọ ọ́ fúnra mi, bí orúkọ mi tilẹ̀ máa korò lẹ́nu àwọn àgbà.*

Mo ti ìwé náà sábẹ́ ilẹ̀kùn wọn. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú. Mo rí i tí wọ́n fà á wọlé.

Mo dúró nínú yàrá mi títí rédíò fi dákẹ́, mo sì gòkè. Díìṣì ti kọjú sí Ìkìrun. Ìlà kútẹ́ẹ̀sì kan wà lára páìpù, ìlà kan wà lára ìdè, wọ́n jìnnà síra wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò mọ̀ bóyá kí wọ́n tó ka lẹ́tà ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

N kò fọwọ́ kàn án. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì kọ ohun kan tó kù sórí ìwé pélébé, mo tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn náà: ọwọ́ tó yí i gan-an ni kí ó yí i padà, kí aago mẹ́rin ọ̀la tó lù.